Ọmọ-ogun àti Aláàárù: Bí A Ṣe Lè Bẹ Ibi Ìrántí Ogun Wò

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa tí ẹ fi Èkó, Abuja tàbí Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé ni ẹ máa ń gba àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò yín lálejò ní àkókò ìsinmi. Ẹ ó mú wọn lọ wo òkun, afárá gígùn, ọjà ńlá àti pápákọ̀ òfurufú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ìlú wọ̀nyí kan náà, lẹ́bàá pápá gbalasa tàbí ọgbà ìgbafẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gba atẹ́gùn, àwọn òkúta àti ère wà tí a gbé kalẹ̀ fún ìrántí àwọn tí ogun gbé lọ. À ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́ láìwo ẹ̀gbẹ́. Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé bí ènìyàn ṣe lè bẹ irú ibẹ̀ wò kí ó sì rí nǹkan mú bọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan Àkúrẹ́ àti Oǹdó ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ.

Àwọn òbí kan ti bi wá léèrè pé kí ni ọmọdé ń wá ní ibi ìrántí òkú. Ìdáhùn wa wà nínú ìwé Jóṣúà, níbi tí a ti gbé òkúta méjìlá jáde láti inú odò Jọ́dánì tí a sì tò wọ́n jọ sí Gílígálì, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ bá béèrè ìtumọ̀ wọn, àwọn bàbá wọn yóò rí nǹkan sọ. Òkúta náà kò lè dá sọ̀rọ̀. Ọmọ ni yóò béèrè, àgbà ni yóò sì dáhùn. Níbi tí àgbà kò bá ti mọ ìdáhùn, òkúta lásán ni ó kù níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ènìyàn tó gbéra, kí ó kọ́kọ́ mú orúkọ ẹnìkan dání láti ilé. Ẹni tí ó bá lọ láìní orúkọ kankan lọ́kàn, yóò wo ère, yóò ya fọ́tò, yóò sì gbàgbé. Fún ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó lọ, orúkọ kan wà nítòsí: Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni Fadoyebo nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a kọ́ ọ, a sì fi í sí ẹ̀ka ìṣègùn tí ó bá Ẹ̀ka Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà, àti láti ibẹ̀ lọ sí Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Jàpáànù yọ sí wọn lójijì ní etí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú, a kó àwọn mìíràn lọ, a sì fi àwọn tí kò lè rìn sílẹ̀ nínú igbó. Nígbẹ̀yìn, ó ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone.

Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi wà ní ìpamọ́. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, òun náà ni ó sì mú wọn wọ ilé ara rẹ̀ níkẹyìn. Ó mọ̀ dájú pé bí àwọn ará Jàpáànù bá rí wọn lọ́dọ̀ òun, ẹ̀mí òun àti ti aya àti ọmọ òun ni yóò bá a lọ. Kò bá wọn tan, kò gbọ́ èdè wọn, ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sìn Fadoyebo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì padà gba àgbègbè náà, tí wọ́n sì rí àwọn méjèèjì láàyè. Fadoyebo padà sí Nàìjíríà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tún ṣe dáadáa mọ́, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, *A Stroke of Unbelievable Luck*. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé Shuyiman. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ti di olóògbé. Ọdún kejì rẹ̀, 2012, ni Fadoyebo náà kú. Ì bá wù wá kí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ka ìwé yẹn kí wọ́n tó ṣe ìdánwò àṣejáde.

Ohun kejì tí ó yẹ kí àlejò mọ̀ ni irú ogun tí wọ́n jà. Kò sí títì ní àfonífojì Kaladan. Àwọn ọmọ-ogun Ẹ̀ka 81 fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù tí ó tó máìlì 75 gba orí òkè. Láti ibẹ̀ lọ, bààlú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ni ó sì ń rù ú lọ síwájú. Kì í ṣe ogun yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1914, nígbà tí a kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù, àti láti ìparí ọdún 1916 ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, aláàárù ni ó gbé ogun náà dúró. Ẹṣin àti ìbaaka kì í pẹ́ kú ní ilẹ̀ náà nítorí àìsàn tí eṣinṣin igbó ń kó ràn wọ́n. Ènìyàn ni ó wá di ẹran ìrù. Nínú àwọn aláàárù wọ̀nyí, ẹlòmíràn fínnúfíndọ̀ lọ. Ẹlòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé a ní kí ọba tàbí baálẹ̀ ìlú rẹ̀ mú iye ènìyàn báyìí wá, orí rẹ̀ sì wà lára iye náà. Ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti òtútù àyà pa wọ́n ju ọta ìbọn lọ.

Bí 90,000 ni iye àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà. Ẹ̀ka Ogun 82, tí ó tẹ̀lé Ẹ̀ka 81 lọ, mọ iyì àwọn tí ń ru ẹrù: àmì tí wọ́n rán mọ́ apá aṣọ wọn ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn, pẹ̀lú òṣùká aláàárù. Ẹni tí ó bá ti pọnmi tàbí ru igi rí mọ ohun tí òṣùká ń ṣe fún orí. A kò rò pé àmì ogun kan wà tí ó yé ọmọ Yorùbá ju èyí lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a ó máa gbé kiri láti ibi ìrántí kan dé èkejì kò ju ọ̀kan lọ: ibo ni ẹni tí ó ru ẹrù wà níhìn-ín?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Gbàgede Tafawa Balewa ní Oníkàn ni àwọn àgbà ṣì ń pè ní Race Course, nítorí pé orí pápá náà ni wọ́n ti ń sáré ẹṣin láyé àwọn òyìnbó. Níbẹ̀ ni a ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀ tí a sì fa ti Nàìjíríà sókè ní òmìnira ọdún 1960. Ní ọdún 1972, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ni a sọ pápá náà di gbàgede tí a rí lónìí. Ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọdé yóò kọ́kọ́ sáré lọ síbi àwọn ẹṣin náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn yí pápá náà ká, kí fífẹ̀ rẹ̀ lè wọ ọmọ lójú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí apá ibi ìrántí, níbi tí a ti ń rántí àwọn tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ti Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àti ogun abẹ́lé ti ọdún 1967 sí 1970.

Ó yẹ kí a sọ fún àwọn ọmọ ìdí tí ọjọ́ ìrántí wa fi jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọjọ́ náà ni Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí ní ọdún 1918. A gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní nítorí pé ọjọ́ náà, ní ọdún 1970, ni ogun abẹ́lé parí. Ọjọ́ yìí ni gómìnà máa ń gbé òdòdó ìrántí kalẹ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí a sì máa ń tú àwọn ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Bí ọ̀nà Èkó bá jìn sí yín, ti Àkúrẹ́ wà nítòsí.

Ẹni tí ó bá ti Oǹdó wá gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ níbi ti ogun abẹ́lé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ-ogun Biafra gba ìlú Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà Èkó títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀, ìrìn wákàtí péréte sí ìlú Oǹdó. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gágun tí ó ṣáájú wọn, Victor Banjo. Níbẹ̀ ni a ti dá wọn dúró, àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ sì gba Benin padà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án. “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Àwọn ọmọ wa ń fi gbólóhùn yìí ṣe àwàdà lórí bọ́ọ̀lù àti ìdánwò ìṣirò, láìmọ̀ pé ènìyàn kú ní ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé níbo ni a kọ orúkọ àwọn tí ó kú ní apá kejì sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bá a wí. Láàrín àwọn òbí tí ń ka ìwé yìí, àwọn kan wà tí bàbá wọn wà ní apá kejì náà, àwọn ọmọ wọn sì ń jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ wa.

Àwọn tí ó mọ Èkó àtijọ́ yóò béèrè Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà. Ère ìrántí yẹn gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí a fi ń júwe ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba ń la títì àti afárá ní àgbègbè náà, a gbé e kúrò. Ní Abuja, ní ibi ìsìnkú àwọn ọmọ-ogun, ère idẹ méjì tí a gbé ti Èkó wá wà níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ-ogun, èkejì jẹ́ ti aláàárù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abuja, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò wọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn. Òǹyàwòrán náà mọ̀ pé ogun kan náà ni àwọn méjèèjì jà, ó sì gbé wọn ró pọ̀. Nairobi náà ní irú rẹ̀: ère mẹ́ta dúró láàrín ìlú níbẹ̀ láti ọdún 1928, aláàárù sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó dùn wá ni pé ère nìkan ni ọ̀pọ̀ aláàárù rí gbà. A gbẹ́ wọn lápapọ̀, a kò kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní tiyín nítòsí, ọjọ́ kan ṣoṣo sì tó fún un. Hyde Park jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ tí ó fẹ̀ tó éékà 350 ní àárín ìlú náà. Ní igun rẹ̀ tí à ń pè ní Hyde Park Corner, òpó òkúta mẹ́rin dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Constitution Hill. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni ó ṣí wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, fún ìrántí mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn láti Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè rẹ̀, Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean, tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jagun nínú ogun àgbáyé méjèèjì. A pè wọ́n ní àwọn tí ó fínnúfíndọ̀ lọ. Lẹ́yìn ohun tí a ti sọ lókè nípa ọba àti baálẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kò bá gbogbo wọn mu. Ẹ tún kíyè sí i pé Íńdíà, Pakistan, Bangladesh, Sri Lanka àti Nepal, oníkálùkù ni a kọ orúkọ tirẹ̀. Áfíríkà, pẹ̀lú bí ó ti gbòòrò tó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sínú ọgbà náà, kí ẹ sì máa rìn lábẹ́ igi lọ sí apá àríwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Park Lane. Ní etí ọ̀nà yẹn, ẹ ó rí ibi ìrántí mìíràn tí a ṣí ní ọdún 2004 fún àwọn ẹranko tí ó kú sójú ogun. Ìbaaka idẹ méjì ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wúwo lẹ́yìn wọn. A kò ní ohun búburú kan sọ sí i. Ẹranko náà jìyà, ẹni tí ó sì rántí wọn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iṣẹ́ ta ni aláàárù ń ṣe ní ilẹ̀ tí ìbaaka kò ti lè yè. Èyí ni ìdí tí a fi ní kí ẹ rí àwọn òpó mẹ́rin yẹn àti àwọn ìbaaka wọ̀nyí ní ọjọ́ kan náà, kí àwọn ọmọ sì jókòó sórí koríko láàrín méjèèjì, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lágbára lè wọ ọkọ̀ lọ sí Brixton, níbi tí a ti ṣí ibi ìrántí àwọn ọmọ-ogun Áfíríkà àti Caribbean ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2017.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ẹ̀sùn tí àwa nìkan ń fi kan ẹnikẹ́ni. Àjọ tí ń bójú tó ibojì àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, Commonwealth War Graves Commission, ṣe ìwádìí ara rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Ó jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó kéré tán ènìyàn 116,000, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn tàbí tí a kò tilẹ̀ rántí rárá. Ará Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ni púpọ̀ nínú wọn. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Ó dára, ṣùgbọ́n àforíjì kò lè kọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí Símónì ará Kírénè, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ń ti oko bọ̀ tí àwọn ọmọ-ogun Róòmù fi ipá gbé igi lé e léjìká, Máàkù kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú. Ẹnìkan ti ní láti mọ̀ wọ́n, kí ó sì sọ fún un.

Èyí mú wa padà wá sílé. Kì í ṣe gbogbo ibi ìrántí ogun ni ó jìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ lọ sí ibi tí ọkọ̀ lè lọ kí ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà láti Àkúrẹ́, kí ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, níbi tí àwọn Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn ti dojú ìjà kọ ara wọn nínú ogun Kírìjí. Oǹdó ní ìpín nínú bí ogun yẹn ṣe rọlẹ̀. Àlùfáà Charles Phillips, tí ń ṣiṣẹ́ ìjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Oǹdó láti ọdún 1877, wà lára àwọn tí ìjọba Èkó rán lọ bá àwọn ọmọ-ogun ní ọdún 1886; òun lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀, Samuel Johnson lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni a kéde àdéhùn àlàáfíà.

Nígbà àjọ̀dún yìí, ilé-ẹ̀kọ́ wa fẹ́ gbé pátákó kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé, tí a ó kọ orúkọ àwọn bàbá àti bàbá-ńlá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa sí, àwọn tí ó lọ sí Kamẹrúùnù, ìlà-oòrùn Áfíríkà, Bọ́mà tàbí ogun abẹ́lé. Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n lójúkojú ń dínkù lọ́dọọdún. A kò béèrè ipò tí wọ́n dé lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Bí ohun tí ẹ mọ̀ kò bá ju pé bàbá bàbá yín ru ẹrù òyìnbó lọ sí ogun Jámánì, ó tó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó sọ fún yín. Bí ẹ bá ní ìwé ìdásílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ológun, àmì ẹ̀yẹ tàbí fọ́tò, ẹ mú wọn wá sí ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́. A ó ya àwòrán wọn lójú yín, a ó sì dá wọn padà lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó wá, ẹ lè wá orúkọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú àkọsílẹ̀ àjọ tí a dárúkọ lókè yìí; wọn kò gba owó. Bí ẹ kò bá rí orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ fi orúkọ ìlú rẹ̀ wá a. Nígbà tí ọmọkùnrin kan bá lọ forúkọ sílẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ ni akọ̀wé ológun sábà máa ń kọ sí ipò orúkọ bàbá rẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ ń wá máa jẹ́ Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ nínú ìwé wọn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é.